Kátálọ́ọ̀gù ìwé orí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú AI: ibi tí iṣẹ́ ilé ìkàwé wa ní Ifẹ̀ dé

Ẹ kú ojúmọ́ o. Ó ti pẹ́ táwọn kan ti ń bi mí pé báwo ni iṣẹ́ háàdì díìsìkì yẹn ṣe ń lọ, torí náà mo jókòó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ níbí, kẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀ ní iléèwé tàbí ilé ìkàwé tiẹ̀ lè rí ibi tó máa gbà.

Fẹ́ni tí ò mọ̀, ilé ìkàwé kékeré kan ni, lápá Lágéré níbí ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ló dá a sílẹ̀ fáwọn ọmọ iléèwé àdúgbò. Ìwé orí ṣẹ́ẹ̀fù ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, àmọ́ háàdì díìsìkì kan wà níbẹ̀ tó kún fọ́fọ́, oríṣiríṣi èèyàn ló ti da nǹkan sí i: nóòtì tíṣà, ìbéèrè WAEC àti NECO àtijọ́, ìwé tí wọ́n síkáànì, fídíò ẹ̀kọ́, ètò ẹ̀kọ́ orí rédíò tẹ́nì kan gbà sílẹ̀ látorí kásẹ́ẹ̀tì. Nǹkan tó níye lórí wà níbẹ̀ gan an. Bí èèyàn ṣe máa rí i ló le, torí orúkọ tí fáìlì ń jẹ́ ni "Scan0041", "New Doc 2", "final final", tàbí VID pẹ̀lú nọ́ńbà gbọọrọ. Tíṣà á wá torí pé ó fẹ́ fi nǹkan kọ́ àwọn ọmọ nípa ewéko, á ṣí fódà títí, á sú u, á bá tiẹ̀ lọ. Ìwé ọ̀hún sì wà níbẹ̀ o, ó jókòó sínú ibi tó ṣí kọjá.

Ohun tá a fẹ́ ò ju èyí lọ: kí gbogbo fáìlì tó wúlò ní àkọsílẹ̀ kan tí tíṣà tàbí ọmọ fi lè rí i lórí fóònù, kódà nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ò sí.

KÍ AI TÓ FỌWỌ́ KÀN ÁN

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fẹ́ gbé gbogbo ẹrù lé AI lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwa ò ṣe bẹ́ẹ̀, owó dátà ò tiẹ̀ ní jẹ́ kéèyàn ṣe bẹ́ẹ̀. A kọ́kọ́ yọ àwọn tó jẹ́ ẹ̀dà ara wọn kúrò, iṣẹ́ yẹn ò dẹ̀ nílò AI rárá. Ohun tí wọ́n ń pè ní SHA-256 ló ń ṣe é, ó máa ń ka gbogbo inú fáìlì, á wá fún un ní àmì kan tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 64, fáìlì méjì tínú wọn bá bára mu délẹ̀délẹ̀ máa ní àmì kan náà, kódà kí ọ̀kan máa jẹ́ "biology" kí èkejì máa jẹ́ "ti Àǹtí". Tí wọ́n bá yí lẹ́tà kan péré nínú ẹ̀, àmì yẹn á yí pa dà pátápátá. Àmọ́ téèyàn méjì bá síkáànì ìwé kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, SHA-256 ò lè mọ̀ pé ìwé kan náà ni, àfi ká fi ọ̀rọ̀ inú wọn wéra, apá yẹn ṣì ń lọ lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn nǹkan kan wà nínú háàdì díìsìkì yẹn tí kò yẹ kó dé ọ̀dọ̀ AI kankan. Èsì ìdánwò àwọn ọmọ, fọ́ọ̀mù tí nọ́ńbà fóònù òbí wà lórí ẹ̀, fọ́tò ọmọ. Ọwọ́ la fi kó gbogbo ìyẹn sọ́tọ̀, ojú èèyàn la fi wò ó. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n, orúkọ wọn ò gbọ́dọ̀ rìn dé orí kọ̀ǹpútà ẹni tá ò mọ̀ rí nítorí pé a fẹ́ to ìwé. Mi ò kì í fi èyí ṣeré rárá, ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

OHUN TÁ A FẸ́ MỌ̀ NÍPA FÁÌLÌ

Ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní Dublin Core. Ní 1995 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ní Dublin tó wà ní ìpínlẹ̀ Ohio l'Amẹ́ríkà, ohun mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ní kéèyàn kọ sílẹ̀: àkọlé, ẹni tó kọ ọ́, kókó tó dá lé, ọjọ́, èdè, ẹ̀tọ́, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. A mú un lò torí pé kátálọ́ọ̀gù tó bá tẹ̀ lé e, ilé ìkàwé míì lè gbé e wọnú tiwọn láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n kò tó fún tíṣà. Tíṣà ò ní bi ẹ́ pé ta ló tẹ ìwé jáde, ohun tó máa bi ẹ́ ni pé kíláàsì wo ló wà fún, táàmù wo, ṣé ó bá skíìmù mu, ṣé ó máa ṣí lórí fóònù òun, ṣé ó máa parí kí aago tó lù. LRMI ni ìlànà tí wọ́n ṣe fún irú ìbéèrè yẹn, ní 2011 ló bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ la ti mú ipele ẹ̀kọ́ àti àsìkò tí nǹkan máa gbà. Táàmù àti ọ̀sẹ̀, àwa la fi kún un, torí bí iléèwé tiwa níbí ṣe ń lọ nìyẹn.

BÁ A ṢE Ń LO AI GAN AN

Ìwé tí wọ́n síkáànì, àwòrán lásán ni lójú kọ̀ǹpútà, kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Tesseract la fi ń yọ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ jáde. Ọ̀fẹ́ ni, iléeṣẹ́ HP ló kọ́kọ́ ṣe é kí wọ́n tó ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2005, ó dẹ̀ ní fáìlì Yorùbá tiẹ̀ tó ń jẹ́ yor. Téèyàn bá kọ "yor+eng" sí i, á máa ka èdè méjèèjì pọ̀, ìyẹn wúlò fún wa gan an torí nóòtì tíṣà ìlú wa, Yorùbá ń wọnú Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì ń wọnú Yorùbá ni. Àmọ́ síkáànì gbọ́dọ̀ mọ́ o, 300 dpi ni kẹ́ ẹ lò, ìyẹn àmì tóótòòtó 300 nínú íǹṣì kan. Tó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ lá kọ́kọ́ sọ nù.

Látibẹ̀, a kì í fi odindi ìwé ránṣẹ́ sí AI. Ojú ìwé àkọlé, ẹ̀yìn ẹ̀, ibi tí wọ́n to àwọn àkòrí sí, àti ojú ìwé kan tàbí méjì láàárín, ó parí. Ohun tẹ́ni tó ń fọwọ́ ṣe kátálọ́ọ̀gù máa ń wò náà nìyẹn. Dátà tó ń jẹ kéré, AI ò dẹ̀ ní sọnù sínú ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ.

Ìtọ́ni tá a ń fún un rèé, bó ṣe wà báyìí lẹ́yìn tá a ti tún un ṣe láìmọye ìgbà:

"Ka ọ̀rọ̀ tí mo fún ẹ yìí. Kọ àkọlé gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́, má tún un ṣe. Sọ kókó tí ìwé yìí dá lé bí ìgbà tí o ò mọ èdè tí wọ́n fi kọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, sọ èdè tí wọ́n fi kọ ọ́. Sọ kíláàsì tó wà fún. Fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, da gbólóhùn tó o ti rí i kọ, kó o sì sọ ojú ìwé tó wà. Tí o ò bá rí i, kọ 'kò sí níbẹ̀'. Má méfò."

Ẹ wo ìlà tó ní kó da gbólóhùn kọ yẹn dáadáa, òun ló gba iṣẹ́ yìí là. AI kì í fẹ́ fi àyè sílẹ̀ lófìfo. Nóòtì tí ò sọ kíláàsì kankan, á kàn kọ JSS 2 sí i pẹ̀lú ìdánilójú, tíṣà tó bá rí i á gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Ní báyìí, tó bá sọ pé JSS 2, ó gbọ́dọ̀ fi ibi tí wọ́n ti kọ JSS 2 hàn, prógíráàmù kékeré kan tá a fi Python (èdè tí wọ́n fi ń kọ prógíráàmù) kọ á wá lọ wò ó bóyá gbólóhùn yẹn wà nínú ọ̀rọ̀ tá a fún un lóòótọ́. Tí kò bá sí, àkọsílẹ̀ yẹn á di pupa lójú kọ̀ǹpútà, á sì lọ sí ọ̀dọ̀ èèyàn. Kò sí AI nínú àyẹ̀wò yẹn o, lẹ́tà sí lẹ́tà ló fi ń wò ó, kò lè parọ́ fún wa. Ibi tó bá ti kọ "kò sí níbẹ̀", inú mi máa ń dùn sí i, torí mo mọ̀ pé tíṣà kan máa jókòó wo ìwé yẹn fúnra ẹ̀.

IBI TỌ́RỌ̀ TI DÙN MÍ

Ìlà tó ní kó sọ kókó bí ìgbà tí kò mọ èdè, ẹ jẹ́ n sọ ibi tó ti wá.

Ètò Dewey la fi ń to nǹkan, èyí tó ń fún kókó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tiẹ̀, tí Melvil Dewey gbé jáde ní 1876, torí òun làwọn tíṣà wa mọ̀ láti iléèwé. Nínú Dewey, 510 ni ìṣirò, 580 ni ewéko, 590 ni ẹranko. Èdè Yorùbá fúnra ẹ̀, gírámà àti àkọtọ́ ẹ̀, 496.333 ló wà. Lítíréṣọ̀ Yorùbá wà ní 896.333. Ó yéni kedere.

A wá fún AI ní ìwé pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ṣe fáwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nípa bí ewéko ṣe ń ṣe oúnjẹ ara ẹ̀. Àwòrán gbòǹgbò wà níbẹ̀, àwòrán ewé, oòrùn lókè, ọfà tó ń fi hàn bí omi ṣe ń gba inú igi gòkè, ìbéèrè márùn-ún nísàlẹ̀. Yorùbá ni gbogbo ẹ̀ látòkè délẹ̀. Ohun tí AI kọ ni: Kókó, Èdè Yorùbá. 496.333. A fún un ní ìwé ìṣirò tí wọ́n fi Yorùbá ṣàlàyé ìdá àti ìsọdipúpọ̀, 496.333. Ìwé kékeré kan nípa ìmọ́tótó omi, 496.333. Gbogbo ohun tí wọ́n bá ti fi Yorùbá kọ, ẹ̀kọ́ èdè ló kà á sí.

Mo fi han Màmá tó jẹ́ àgbà nínú àwọn tíṣà yẹn, àwọn ni wọ́n ń yẹ àwọn àkọsílẹ̀ Yorùbá wò. Wọ́n wọ jígí wọn, wọ́n kà á, wọ́n ní:

"Ọmọ mi, ewéko ni ìwé yìí ń sọ. Tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣé abẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ló máa fi sí?"

Mo ní rárá, Mà.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Sọ fún un bẹ́ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ wọn yẹn la kọ sínú ìtọ́ni, bó ṣe rí lẹ́nu wọn ni mo ṣe gbìyànjú láti kọ ọ́. Ohun tó jẹ́ kó dùn mí ni pé ìlú tá a wà yìí ni Ifẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà yẹn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́, ní iléèwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, ẹsẹ̀ èèyàn lè dé ibẹ̀ látọ̀dọ̀ wa. Gẹ̀ẹ́sì wà o, wọ́n ń kọ́ wọn bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, Yorùbá ni, wọ́n sì ní láti jókòó kọ àwọn ìwé náà torí pé kò sí irú ẹ̀ nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èsì tí wọ́n rí ni pé àwọn ọmọ yẹn ò rẹ̀yìn sáwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọ́n tiẹ̀ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra ẹ̀.

Ẹ wá rò ó wò. Káwọn èèyàn ṣe irú làálàá yẹn láti fi hàn pé èèyàn lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì, ká wá fi ẹ̀rọ to irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí abẹ́ gírámà. Tíṣà Basic Science ò ní ya fódà èdè Yorùbá láéláé, kí ló máa lọ ṣe níbẹ̀? Ọmọ tó bá wá sáyẹ́ǹsì, Gẹ̀ẹ́sì nìkan lá máa rí, á wá gbà lọ́kàn ara ẹ̀ pé kò sí sáyẹ́ǹsì lédè òun. Kátálọ́ọ̀gù tó tò ó bẹ́ẹ̀ ti gbé ìwé pamọ́ fọ́mọ náà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ìwé wà nínú ẹ̀.

Èrò tèmi lórí ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé ibi tí AI ti pàdé Yorùbá jù náà ni ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní Yorùbá: ìkíni, òwe, àmì ohùn. Àtìgbà tá a ti ya ìbéèrè méjèèjì sọ́tọ̀, tá a ní kó sọ kókó ná kó tó sọ èdè, ọ̀pọ̀ jù lọ ti bọ́ sí ààyè wọn. Ìwé ewéko yẹn ti wà ní 580, ìwé ìṣirò wà ní 510. Àwọn àlọ́ dúró sí 398.2, ibẹ̀ ló yẹ wọ́n.

Èyí tó ṣì ń fa àríyànjiyàn láàárín wa ni ìwé òǹkà Yorùbá. AI ní ìṣirò ni. Bàbá kan nínú àwọn tíṣà ní èdè ni. Màmá ní ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àrúndínlógójì ṣe jẹ́ ogójì tí wọ́n yọ márùn-ún kúrò nínú ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ mọ ìṣirò, ó sì gbọ́dọ̀ mọ Yorùbá. A fi í sí méjèèjì. Orí kọ̀ǹpútà ló wà, kò sí ṣẹ́ẹ̀fù tó máa ní àyè ò gbà á.

ÀKỌTỌ́ ÀTIJỌ́, Ẹ̀TỌ́, ÀTI BÍ WỌ́N ṢE Ń WÁ NǸKAN

Àwọn ìwé kan nínú ohun tá a síkáànì ti wà kí wọ́n tó fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní 1974, ibẹ̀ lẹ máa ti rí "aiye", "enia", "nwọn", "yio". AI máa ń rò pé àṣìṣe ni, á wá bá wọn tún àkọlé kọ. Ìyẹn ò dáa, torí òfin iṣẹ́ kátálọ́ọ̀gù ni pé bí wọ́n ṣe tẹ àkọlé ni kó o ṣe kọ ọ́, ẹni tó bá gbé ìwé gidi lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ lè mọ̀ pé òun náà ló ń wò lórí fóònù. A ní kó fi èyí tí wọ́n tẹ̀ sí àyè kan, kó fi ti òde òní sí àyè kejì, a lè fi méjèèjì wá a.

Lórí ẹ̀tọ́ oníwèé, AI fẹ́ràn láti kọ CC BY (àmì tó ń sọ pé ẹnikẹ́ni lè lò ó, kó ṣáà ti dárúkọ ẹni tó ni ín) sí nǹkan tí ò sọ bẹ́ẹ̀ níbì kankan. Nàìjíríà ní òfin ẹ̀tọ́ oníwèé, èyí tuntun ni ti 2022, a ò dẹ̀ fẹ́ fi iṣẹ́ oníṣẹ́ tọrẹ. Tí ìwé fúnra ẹ̀ ò bá ti kọ ọ́ pé ó gba èèyàn láyè, "kò sọ" la máa kọ, àkọsílẹ̀ ẹ̀ á hàn fún gbogbo èèyàn, ìwé yẹn fúnra ẹ̀ ò ní jáde síta.

Ti wíwá nǹkan ló gbà mí ní ọpọlọ jù lọ níbí. Lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tiẹ̀ nínú Unicode, ìyẹn ètò tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, àmọ́ ẹ́ tó ní àmì ohùn òkè pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ ò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tiẹ̀, àfi kéèyàn to àmì lé e lórí. Ọ̀nà tí àwọn bọ́ọ̀dù ìtẹ̀wé ń gbà tò ó yàtọ̀ síra, nítorí náà ọ̀rọ̀ méjì lè jọra délẹ̀ lójú èèyàn kí kọ̀ǹpútà ní wọn ò jọra rárá. A sọ gbogbo ẹ̀ di irú kan náà, NFC ni wọ́n ń pè é, a wá ṣe ẹ̀dà kejì tá a yọ gbogbo àmì kúrò lára ẹ̀, ẹ̀dà yẹn ni ẹ̀rọ fi ń wá nǹkan. Ọmọ tó bá tẹ "isiro" lórí fóònù á rí "ìṣirò", èyí tó máa jáde lójú ẹ̀ á ní àmì pé. Àwọn ọmọ ò ní bọ́ọ̀dù Yorùbá lórí fóònù wọn, kò sì yẹ ká fi ìyẹn lé wọn sẹ́yìn.

IBI TÁ A WÀ BÁYÌÍ

Kátálọ́ọ̀gù yẹn ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìkàwé, lórí Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń jẹ iná sólà, SQLite tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ló wà nínú ẹ̀, Wi-Fi tiẹ̀ ò dé ìta ọgbà, kò dẹ̀ nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìlà kan nísàlẹ̀: bóyá "AI kọ ọ́, èèyàn ò tíì wò ó", tàbí "a ti yẹ̀ ẹ́ wò". A ò fi ìyẹn pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bọ́tìnnì kan sì wà tá a fi sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, èyí táwọn tíṣà fi ń sọ pé kíláàsì yìí ò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ gan an, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ti ohùn rédíò ló kù. Ẹ̀rọ tó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹnu di kíkọ ò tíì gbọ́ Yorùbá dáadáa tó, pàápàá Yorùbá orí kásẹ́ẹ̀tì tó ti ń hó. Ohun tá à ń ṣe ni pé ẹnì kan á gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti àárín, á sọ ohun tó dá lé fún wa ní gbólóhùn méjì mẹ́ta, AI á wá fi ìyẹn kún àwọn àyè yòókù. Ó ń falẹ̀, àmọ́ ó ń lọ.

Mo wá ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́. Tí ìwé ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì tí wọ́n fi Yorùbá kọ bá wà nínú àpótí yín tàbí ti màmá yín nílé, ì báà jẹ́ èyí tí èèpo ẹ̀ ti já, ẹ gbé e wá ká síkáànì ẹ̀, ọwọ́ yín náà la máa dá a pa dà sí. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ síkáànì ẹ̀ fúnra yín, 300 dpi o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fo ẹ̀yìn ojú ìwé àkọlé, ibẹ̀ ni ọdún àti orúkọ ẹni tó ni ín máa ń wà.